Agbára tí gbogbo wa ń mú kò sọ géèmù di aláìdọ́gba

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní nítorí pé gbogbo àwa tá a jọ ń ṣe Dungeons & Dragons (géèmù orí tábìlì tí kálukú ti ń ṣe ẹ̀dá inú ìtàn kan) ní Kubwa ló ń mú Perception (ìmọ̀ṣe kíkíyèsí nǹkan), àwọn tó ṣe géèmù náà kò wọ̀n ọ́n dọ́gba. Ẹ jọ̀ọ́, kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú òfin ọdún 2014, background (irú ìgbésí ayé tí ẹ̀dá inú eré ti gbé sẹ́yìn) nìkan ń fúnni ní skill (ìmọ̀ṣe) méjì, class (iṣẹ́ ẹ̀dá náà) tún ń fi kún un. Ẹni tó mú Perception ṣì ní àyè fún òmíràn. Bí olùdarí eré bá wá ń béèrè Perception lẹ́nu gbogbo ilẹ̀kùn, ọwọ́ rẹ̀ ni ìṣòro wà.

Natural Spell, feat kan (agbára àkànṣe téèyàn ń yàn) inú òfin 2003, ló bá ọ̀rọ̀ yín mu: druid (onídán tó ń lo agbára ìṣẹ̀dá) tó ti di ẹranko ṣì lè máa pe ọfọ̀. Feat ò sì pọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nígbà yẹn. Síbẹ̀, mímú un fẹ́rẹ̀ẹ́ di dandan fún druid; ibẹ̀ ni yíyàn ti kú lóòótọ́.