Àìsí iná NEPA kọ́ ló ń gba kẹ̀kẹ́ oníná lọ́wọ́ obìnrin

Bí opó tàbí ìyá anìkàntọ́mọ kan ní Bàrígà tàbí Mushin bá ní òun fẹ́ gba kẹ̀kẹ́ Màrúwá tó ń lo bátìrì, ìbéèrè tó máa kọ́kọ́ gbọ́ ni: “Iná dà? Ṣé NEPA yìí náà?” Ọ̀rọ̀ yìí ti mú kí ọ̀pọ̀ obìnrin jáwọ́, bẹ́ẹ̀ tí a bá ṣírò ó, kò rí bẹ́ẹ̀.

Bátìrì fólìtì 60, 100Ah, yúníìtì 6 ni, irú yúníìtì tí ẹ ń rà sórí mítà gan-an. Díẹ̀ máa ń bá ooru ṣájà lọ, nítorí náà ẹ fi 7 ṣírò. Ṣájà kìlówáàtì 1 máa ṣe é tán ní nǹkan bíi wákàtí 7. Àwọn tó wà ní Band D pàápàá (Band ni ìpele tí iléeṣẹ́ iná pín oníbàárà sí), wákàtí 8 lójúmọ́ ni wọ́n ṣèlérí fún wọn. Band C, wákàtí 12. Kò sì pọn dandan kí iná ọ̀hún dé lẹ́ẹ̀kan náà. Lọ́sàn-án, tí èrò bá ti dín kù, wákàtí 3 lórí ṣájà tó kìlómítà 35. Jẹnẹrétọ̀ “I better pass my neighbour” kò lè gbé ṣájà yìí o, ẹ má dán an wò.

Ìdí bátìrì gan-an ni wàhálà wà. Ti ásíìdì ló pọ́ọ́kú, òun ni wọ́n sì máa ń fi sínú kẹ̀kẹ́ olówó kékeré. Tí ẹ bá ń lò ó gbẹ lójoojúmọ́, tí ó tún sùn mọ́jú láìní iná nínú, nǹkan funfun kan á le mọ́ àwọn awo òjé inú rẹ̀, kò sì ní gba iná dáadáa mọ́. Bóyá ló máa pé ọdún kan. Bátìrì lithium irú LFP (lithium iron phosphate) ń gba ṣájà tó ìgbà 2,000, ó lé ní ọdún 5. Ẹ wá wo obìnrin tó gba kẹ̀kẹ́ ásíìdì ní háyà pọ́ọ̀ṣì oṣù 24: bátìrì kú lágbedeméjì, owó ọ̀sẹ̀ kò dúró, olówó wá gba kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ó dun ni, torí pé NEPA náà ni wọ́n á tún dá lẹ́bi.

Nínú ilé face-me-I-face-you, ẹ ṣọ́ wáyà. Ṣájà yìí ń fa bí ámpíà 5 fún odindi wákàtí 7. Bí fólìtì bá já wálẹ̀ sí 160 lálẹ́, á fa bíi 7, tàbí kó kú fúnra rẹ̀. Ẹ̀ksténṣọ̀n tín-ín-rín tí wọ́n ká jọ á yọ́. Kí oníná fa wáyà 2.5 láti ìdí mítà sí sọ́kẹ́ẹ̀tì tirẹ̀, níta, kì í ṣe inú yàrá táwọn ọmọ ń sùn.

Kí ẹ tó fọwọ́ síwèé, ẹ béèrè: ṣé LFP ni? Ṣé gárántì bátìrì gùn tó oṣù tí ẹ máa fi san owó? Bí kẹ̀kẹ́ bá wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì, ṣé owó ọ̀sẹ̀ á dúró? Kí wọ́n kọ ìdáhùn rẹ̀ sínú ìwé kan náà tí ẹ ń fọwọ́ sí.