Ẹ Di Oníwáyà Lójú

Wáyà sípíkà olówó iyebíye kan wà tí wọ́n ya ọfà sí lára. Ibi tí ọfà bá kọjú sí ni kí o kì í sí, àwọn tó ń tà á ní bí bẹ́ẹ̀ kọ́, orin á dàrú. Bẹ́ẹ̀ iná tó ń gbé orin lọ sínú sípíkà ń lọ, ó ń bọ̀ ni, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Ta ló ń ka ọfà fún un?

Ọ̀rẹ́ mi kan ra àpótí ìtìsẹ̀ fún wáyà. Ẹ kà á dáadáa: àpótí ìtìsẹ̀, kí wáyà má baà fara kan ilẹ̀. Mẹ́fà ni, ó tò wọ́n bí ọmọ iléèwé, wáyà wá nà gbalaja sórí wọn. Ó ní kí n gbọ́ bí orin ṣe mọ́ gaara. Mo mi orí bí alángbá. Ẹni tó ti náwó tán, kí ni mo fẹ́ bá a jà sí?

Ti wáyà iná tó lọ láti ara ògiri dé ẹ̀rọ orin tún wà, wọ́n ní ó ń fọ iná mọ́. Iná ti rin ọ̀pọ̀ kìlómítà lórí wáyà òpó tí òjò ń pa, tí ẹyẹ ń su sí. Mítà méjì tó kù ló wá fẹ́ wẹ̀ ẹ́ mọ́.

Bó o bá ní o ò gbọ́ ìyàtọ̀, ẹjọ́ di tìẹ. Etí rẹ ò tíì là. Àbí wáyà ò tíì mojú ilé, kó o jẹ́ kó ṣiṣẹ́ fún wákàtí 200 ná. Kí wákàtí náà tó pé, ọjọ́ tó o lè dá ọjà padà ti lọ.

Ṣebí ó rọrùn? Ẹ di òǹtajà lójú, kí ẹlòmíì máa pààrọ̀ wáyà, kí òǹtajà máa sọ èyí tó ń kọrin. Kí wọ́n ṣe é ní ìgbà 16. Bó bá gba 8, ọmọ ọwọ́ tó kàn ń méfò náà á gba 8. Lọ́dún 2007, James Randi, onídán ará Amẹ́ríkà, ní òun á fún ẹni tó bá lè fi etí nìkan mọ wáyà olówó iyebíye yàtọ̀ sí èyí tí owó rẹ̀ kéré sí i ní mílíọ̀nù kan dọ́là. Ẹnikẹ́ni ò gba owó náà.

Wọ́n ní irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ ń kó ìpayà bá etí. Etí tó gbọ́ iṣẹ́ àpótí ìtìsẹ̀, aṣọ tí a so mọ́ ojú ló wá dí i.