Àtúnṣe: Ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ kò dá ṣáṣá kì í ṣe ọ̀lẹ

Àtẹ̀jíṣẹ́ kan ń lọ káàkiri pé ọmọ tó ń kọsẹ̀ ṣáá, tí kò lè de bọ́tìnnì, ọ̀lẹ ni, pé bó bá dàgbà á tán fúnra rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Àwọn dókítà mọ ìṣòro yìí sí developmental coordination disorder, DCD, ìyẹn ni pé ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ọmọ kì í ṣiṣẹ́ pọ̀ bó ṣe yẹ. Ó ń ṣe ọmọ bíi 5 sí 6 nínú 100 tó ti tó ilé ìwé lọ. Ẹ wo ọmọ bẹ́ẹ̀ nídìí bọ́tìnnì: ó mọ ihò tó yẹ kó kì í bọ̀, ó ń gbìyànjú títí òógùn fi bò ó, àmọ́ ìka rẹ̀ kò gbọ́ràn. Ó dùn mí pé òun là ń pè ní ọ̀lẹ.

Ìwádìí fi hàn pé ìṣòro náà máa ń bá ọ̀pọ̀ wọn dàgbà. Ìlànà àgbáyé lórí DCD tó jáde ní 2019 dámọ̀ràn pé ohun tó ṣòro fún ọmọ gan-an ni kí wọ́n máa fi kọ́ ọ. Ẹ bi dókítà àwọn ọmọdé. Àyẹ̀wò wà fún un, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kì í sábà fìdí rẹ̀ múlẹ̀ kí ọmọ tó pé ọdún 5.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí ránṣẹ́ sí ibi tí ẹ ti rí ti àkọ́kọ́.