Òṣómàáló kò ràn wá lọ́wọ́ lọ́dọ̀ bíríkìlà

Ẹni tó bá fẹ́ tún ilé ṣe ní Iléṣà, ìmọ̀ràn àkọ́kọ́ tí ará àdúgbò máa fún un ni pé kó má kúrò nínú ilé. "Dúró tì wọ́n o. Bó o bá ṣíjú pẹ́rẹ́, wọ́n á kó sìmẹ́ǹtì ẹ tà." Ọ̀rọ̀ yìí bá wa lára mu, àwa ọmọ òṣómàáló. Àwọn bàbá wa tó ń ta aṣọ láwìn kiri, ẹnu ọ̀nà onígbèsè ni wọ́n máa ń lóṣòó sí: òṣó ni màá ló kí n tó gba owó mi. Bí òṣó bá gba owó lọ́wọ́ onígbèsè, kí ló dé tí kò ní gba iṣẹ́ gidi lọ́wọ́ bíríkìlà?

Èmi náà gbà á gbọ́. Nígbà tí a fẹ́ tún ilé bàbá wa nítòsí Ọjà Atákúnmọ́sà ṣe, kó lè bá ọdún Ìwúde àti Kérésì, Màámi ní àwọn ò kó lọ síbì kankan. A kó ẹrù yàrá mẹ́ta sínú ẹyọ kan. Àárín àpótí àti ìkòkò ni Màámi ń sùn, bílẹ̀ bá sì ti mọ́, wọ́n á gbé àga síwájú àwọn òṣìṣẹ́. Kò sí ṣọ́bìrì tó sọnù. Àpò sìmẹ́ǹtì pé. Kò tó oṣù mẹ́rin tí ògiri pálọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ya. Tó o bá fi ìka kàn án, ó ń dún pò, pò, pò bí igbá òfìfo. Tó o bá fi èékánná ha á, ó ń rọ́ sílẹ̀ bíi gàrí.

Àwa tí à ń gbé inú ilé náà la bà á jẹ́.

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ńṣe ni sìmẹ́ǹtì máa ń gbẹ bí aṣọ orí okùn, pé bó bá ti gbẹ, ó ti le nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Omi ni sìmẹ́ǹtì fi ń le. Òun àti omi tí a fi pò ó máa ń para pọ̀ di nǹkan mìíràn, nǹkan tuntun yẹn ló sì ń di yanrìn mú. Ìdí nìyẹn tí kọnkéré fi ń le lábẹ́ odò, níbi tí nǹkan kan ò ti lè gbẹ. Bí omi bá fi í sílẹ̀ láìtọ́jọ́, ibi tó bá agbára rẹ̀ dé náà ló máa dá a dúró sí. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ló ń yára le jù, ọjọ́ 28 sì ni àwọn ẹ̀ńjíníà ń kà kí wọ́n tó wọn agbára kọnkéré. Ògiri tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́, ó yẹ kó máa mu omi láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ fún ọjọ́ bíi mélòó kan, kó tó ọ̀sẹ̀ kan bó bá ṣeé ṣe.

Ẹ wá fi ìdílé tó ń gbé inú ilé sí i. Bíríkìlà wa sọ ọ́ o, ẹ jẹ́ n má purọ́ mọ́ ọn. Ó ní, "Màmá, ẹ jẹ́ á máa wọ́n omi sí i." Màámi ní, "Kí omi máa ṣàn bá bẹ́ẹ̀dì mi? Ẹ ò rí ẹrù nílẹ̀ ni?" La bá tan fáànù sí ògiri, a ṣí fèrèsé sílẹ̀ fún ọyẹ́. Ọyẹ́ oṣù Kejìlá, tó ń la èèyàn létè! Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kejì, ògiri ti funfun, inú gbogbo wa dùn. Ní ọjọ́ kẹrin, pẹ́ńtà ti dé, torí àlejò ń bọ̀, a sì nílò pálọ̀.

Èyí tó tún dùn mí jù, ojú Màámi ló ṣe. Lébírà ti po àpò kan láàárọ̀, ṣùgbọ́n ẹrù kò tíì kúrò nínú yàrá tí wọ́n fẹ́ rẹ́. Ká tó gbé kọ́bọ́ọ̀dù jáde, aago mọ́kànlá ti kọjá, sìmẹ́ǹtì ti ń dì nílẹ̀. Lébírà bu omi sí i, ó tún un pò, ó rọ̀ dáadáa. Màámi wò ó látòkèdélẹ̀, wọ́n tiẹ̀ kí i pé ó kú iṣẹ́. Ohun tí wọn ò mọ̀ ni pé sìmẹ́ǹtì tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í dì, omi kejì kì í dá agbára rẹ̀ padà. Ó yẹ ká ti lò ó tán láàárín bíi wákàtí méjì. Ojú rí i, àmọ́ ojú ò mọ ohun tó ń wò.

Ti sílíìnì tún wà níbẹ̀. Àwọn pátákó aláwọ̀ eérú, pẹlẹbẹ, irú èyí tó wà nínú ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́. Asbestos, ìyẹn òkúta onífọ́nrán tí wọ́n máa ń pò mọ́ sìmẹ́ǹtì, wà nínú púpọ̀ nínú wọn, kò sì sí bí a ṣe lè fi ojú lásán mọ èyí tó ní in. Òòlù ni wọ́n fi ń fọ́ ọ lókè, Màámi sì jókòó nísàlẹ̀, wọ́n ń ṣọ́ ìṣó. Eruku asbestos lè má mú kéèyàn wúkọ́ lọ́jọ́ náà. Àìsàn ẹ̀dọ̀fóró tó ń fà lè gba ogún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó yọjú. Ó yẹ ká fi omi rin ín, ká yọ ọ́ ní odidi, kí ẹnikẹ́ni tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ má sí nínú ilé. Ìṣó mélòó ni ìyá èèyàn tó?

Mi ò sọ pé wọn kì í jí ẹrù. Wọ́n ń jí i. Ṣùgbọ́n kíkà ló ń mú olè, kì í ṣe jíjókòó. Ẹ mọ̀ pé àpò kan tó jẹ́ kílò 50 ń lọ sí bíi báárò yanrìn méjì bí ẹ bá ń rẹ́ ògiri, kí ẹ sì ka àpò òfìfo nírọ̀lẹ́. Ẹ yọ sí wọn láàárọ̀ nígbà tí wọ́n bá ń pò ó, ẹ tún yọ sí wọn nírọ̀lẹ́ láti fọwọ́ kan ògiri bóyá ó tutù. Bó bá jẹ́ pé yàrá kan ṣoṣo lẹ fẹ́ kùn, ẹ jókòó sílé yín, kò sí wàhálà.

Nígbà tí a padà wá tún pálọ̀ náà rẹ́, mo bẹ Màámi títí wọ́n fi lọ sọ́dọ̀ àbúrò mi ní Ifẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Àpò ìrẹsì la rin, tí a fi kọ́ ara ògiri. Ọjọ́ tí wọ́n dé, wọn ò tíì bọ́ bàtà tí wọ́n fi fi ìka kan ògiri náà. Kò dún. Wọ́n bi mí pé ta ló dúró ti àwọn bíríkìlà. Mo ní kò sẹ́ni kankan. Títí di òní, wọn ò gbà mí gbọ́.