Ṣe Sùúrù, Yóò Dùn Tó Bá Yá

Ẹ kú iṣẹ́ takuntakun o, ẹ̀yin àgbà olùdámọ̀ràn géèmù lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọmọ kan wọ àárín yín, kò béèrè ju ohun kan ṣoṣo lọ. Ó ní òun ti ṣe géèmù World of Warcraft títí ó fi sú òun, òun fẹ́ wọ géèmù mìíràn bíi tirẹ̀, Final Fantasy XIV, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, bọ́tìnnì wo ni wọ́n fi ń sáré níbẹ̀?" Kó tó mí kanlẹ̀, ẹ ti ya bò ó.

Ẹ̀gbọ́n kìíní ní kó má ṣe rà á lórí Steam, ọjà géèmù orí íntánẹ́ẹ̀tì, torí ẹni tó bá ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ náà ni yóò ti máa ra gbogbo àfikún tó bá jáde. Ẹ̀gbọ́n kejì ní kí wọ́n má dá a lóhùn, orí Steam ló dẹrùn jù. Ẹ̀gbọ́n kẹta ní kó má tíì náwó rárá, ọ̀fẹ́ wà, àmọ́ kó ṣọ́ra, torí lọ́jọ́ tó bá sanwó lórí àkáǹtì yẹn, kò sí àyè à ń padà sí ọ̀fẹ́ mọ́. Ẹ̀gbọ́n kẹrin fi odindi ìrọ̀lẹ́ kọ ọ̀rọ̀ lórí etí: ṣé ẹ̀yà Miqo'te elétí ológbò ni kí ọmọ yàn láti jẹ́ nínú géèmù, àbí Viera elétí ehoro, kó sì rántí pé ọ̀pọ̀ fìlà ni kì í hàn lórí Viera. Ìbéèrè nípa bọ́tìnnì ṣì wà nílẹ̀ títí di bí mo ṣe ń kọ èyí.

Mo gbóṣùbà fún yín, tọkàntọkàn. Láyé tí aládùúgbò kì í ti í sọ fún aládùúgbò pé omi ti dé, ẹ̀yin ṣì lè fi gbogbo òru kọ́ ẹni tí ẹ ò rí rí. Sùúrù yín pọ̀, ẹ sì fẹ́ kó ran ọmọ náà dandan. Torí gbogbo ìmọ̀ràn yín, bó ti wù kó gùn tó, ibì kan ló ń já sí: ṣe sùúrù, yóò dùn tó bá yá.

Ìgbà wo ni yóò yá? Ẹ ní kó kọ́kọ́ parí A Realm Reborn ti 2013, apá kìíní ìtàn géèmù náà. Tó bá parí rẹ̀, kó má tíì yọ̀, kó la gbogbo èyí tí wọ́n fi dí àárín kọjá, kó wá dé àfikún Heavensward ti 2015, ibẹ̀ lojú rẹ̀ yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í là. Ẹnì kan ní rárá o, Stormblood ti 2017 yóò tún mú un tòògbé díẹ̀, kó rọ́jú, inú Shadowbringers ti 2019 gan-an ni adùn wà. Ọmọ tó fẹ́ ṣeré lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì lẹ ń ka ọdún fún yìí. Ẹ tún wá gbé òfin lé e lórí: kò gbọdọ̀ fo ọ̀rọ̀ kankan kọjá. Ohun tí ẹnikẹ́ni bá sọ nínú géèmù, kó kà á tán. Títí kan ẹni tó ń ta ẹja létí omi.

Èmi ti kà á. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ ká sọ̀rọ̀ wáìnì.

Ẹ mọ ibẹ̀ nínú A Realm Reborn, ẹ má díbọ́n. Titan ti jí, òrìṣà tó jẹ́ pé bó bá fẹsẹ̀ kilẹ̀, gbogbo ilẹ̀ a mì tìtì. Ìwọ lo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣẹ́gun Ifrit, òrìṣà iná, gbogbo ayé sì ti gbà pé ìwọ lẹni tó lè dojú kọ ọ́. Wọ́n ní kí o wá àwọn àgbà ẹgbẹ́ jagunjagun Company of Heroes lọ, torí wọ́n ti borí Titan rí, wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. O sáré débẹ̀ tìgbọ̀ntìwárìrì. Ṣé wọ́n sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é? Wọ́n ní àwọn fẹ́ se àsè. Wọ́n ní wáìnì ò sí nílé.

Wáìnì! Olùgbàlà ayé, tòun ti ìhámọ́ra àti ohun ìjà lẹ́yìn, ló di ọmọ ọ̀dọ̀ tí wọ́n ń rán ní wáìnì. Kì í sì í ṣe pé o kàn máa yà sí ìsọ̀ kan kí o rà á. Ó ní ìlú tí wọ́n ti ń wá a lọ, Wineport ni wọ́n ń pè é, bí o bá sì dé Wineport, iṣẹ́ ń bẹ nílẹ̀ níbẹ̀ tí ń dúró dè ọ́. Titan ń dúró. Ilẹ̀ ń mì. Ìwọ ń bẹ àwọn ọlọ́gbà àjàrà. Mo ní ìbéèrè díẹ̀. Ta ló ń sanwó wáìnì náà? Ṣé ìgò rẹ̀ yóò padà ni? Nílé tí wọ́n ti tọ́ èmi, bí wọ́n bá rán ọmọ lọ ra ọtí, ó kéré tán, yóò rí ṣéńjì fi ra gúgúrú. Titan fúnra rẹ̀ ńkọ́, kí ló ń ṣe ní gbogbo àsìkò yìí? Ṣé ó jókòó sínú ihò rẹ̀ ni, tó ń bi àwọn kobold tó ń sìn ín léèrè pé, "Ẹni tó fẹ́ wá lù mí pa yẹn, kò tíì rí wáìnì ọ̀hún ni?" Kò sẹ́ni tó ní sùúrù tó Titan nínú ìtàn yẹn. Òun ló yẹ kí ẹ fi jẹ alága ẹgbẹ́ olùdámọ̀ràn.

Kì í sì í ṣe èmi nìkan lọ̀rọ̀ náà sú. Àwọn tó ṣe géèmù náà mú sísọ́ọ̀sì ní August 2020, wọ́n gé nínú àwọn iṣẹ́ A Realm Reborn, wọ́n dín ìrìn kù. Àwọn tó fi ìyà jẹni gan-an gbà pé ìyà náà ti pọ̀ jù. Ẹ̀yin ńkọ́? Ẹ ń ṣọ̀fọ̀ rẹ̀! Mo rí ẹni tó kọ ọ́ sí ọmọ yìí pé, "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé, ẹ ò lè mọ ohun tójú wa rí." Ó ń fi wáìnì yangàn bí ẹni tó ti ogun Kírìjì bọ̀.

Ojú tiwa náà kúkú rí nǹkan. Warcraft ayé àtijọ́, èyí tó jáde ní November 2004, ẹsẹ̀ la fi ń rìn ín títí a ó fi dé ipele 40 ká tó gun ẹṣin. Bí a bá ń wá ẹgbẹ́ tí a ó jọ wọ ihò, àárín ìlú la ti ń dúró kígbe. December 2009 ni wọ́n tó ṣe èyí tó ń kó èèyàn jọ fúnra rẹ̀. Kafé lèmi ti ń ṣe é, àṣemọ́jú. Ọ̀rẹ́ mi kan ní Lọ́ńdọ̀nù ló ń bá mi san owó oṣù rẹ̀, torí ẹni tó bá na káàdì ìfowópamọ́ tiwa sí wọn lókè òkun nígbà yẹn, ojú olè ni wọ́n fi ń wò ó. Ọ̀gá kafé a gbowó títí di aago mẹ́fà ìdájí. Aago mẹ́rin ni í pa jẹnẹrétọ̀. Á ní epo ti tán. Epo tí àwa ń wò nínú kẹ́ẹ̀gì lẹ́yìn ilẹ̀kùn! Mi ò tíì dárí jì í, mi ò sì rò pé mo máa dárí jì í. Ohun tí mò ń wí ni pé kò sẹ́ni tó gbà wá nímọ̀ràn kankan. A wọlé, ìkookò pa wá, a jí, ìkookò tún pa wá, a mọ̀ pé ká yéé sún mọ́ ìkookò.

Ọ̀rọ̀ ọ̀fẹ́ yẹn náà nìyí. Ẹ ti sọ ọ́ doríkì: ọ̀fẹ́ ni, kò ní gbèdéke ọjọ́, ipele 60 ló ń gbéni dé tẹ́lẹ̀, láti October 2023 ó ti di 70, Stormblood sì wà nínú rẹ̀. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Àmọ́ ẹ̀gbọ́n tó jókòó sí Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù, tí íntánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kì í ṣẹ́jú, ló ń sọ fún ọmọ Òṣogbo pé, "Sáà dáńlóòdù ẹ̀." Dátà ta ni? Nígbà tí èmi ń fà á wálẹ̀, ó ku díẹ̀ kó parí ni wọ́n mú iná lọ. Nígbà tí iná fi máa dé, dátà ti kú. Nígbà tí mo ra òmíràn, nẹ́tíwọ́kì kan tí mi ò ní dárúkọ ní kí n fara balẹ̀, pé àwọn ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Kò tún sí sáfà kankan nítòsí wa, ti Yúróòpù là ń sáré bá, ọ̀tá á ti lù ọ́ ṣubú kí o tó rí ọwọ́ tó nà sókè. Nínú gbogbo ìmọ̀ràn tí mo kà, mi ò rí ẹyọ kan tó dárúkọ dátà. Etí ehoro ni wọ́n ń jà lé lórí.

Mo mọ ìgbà tí àṣà ìmọ̀ràn yìí gbòde. July 2021 ni. Asmongold, ìlú-mọ̀-ọ́n-ká nínú àwọn tó ń ṣe Warcraft fáráyé wò lórí Twitch, wọ Final Fantasy níbẹ̀rẹ̀ oṣù náà, èrò sì rọ́ tẹ̀ lé e. Nínú oṣù kan náà ni ìjọba California gbé Activision Blizzard, ilé iṣẹ́ tó ni Warcraft, lọ sílé ẹjọ́, lórí ẹ̀sùn pé wọ́n ń fìtínà àwọn obìnrin lẹ́nu iṣẹ́. Ẹni tó bá tìtorí ìyẹn kẹ́rù, mi ò bá a wí. Àwọn tó dé lọ́jọ́ Ajé tí wọ́n dàgbà lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀ ni mò ń bá jà. Géèmù yìí máa ń fi ewé tútù sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, káwọn tó ti pẹ́ lè dá a mọ̀, kí wọ́n ràn án lọ́wọ́. Ewé ń bẹ lórí tiwọn tó ń dán yinrin, wọ́n ti ń pe ẹlẹ́wé mìíràn ní ọmọdé.

Ó di December ọdún náà, àfikún Endwalker ti Final Fantasy dé. Èrò pọ̀ débi pé èèyàn á tò fún ọ̀pọ̀ wákàtí, ẹ̀rọ á sì tún jù ú síta kí ó tó kàn án. Square Enix tó ni géèmù náà fún àwọn oníbàárà ní ọjọ́ ọ̀fẹ́ láti fi bẹ̀ wọ́n, wọ́n sì dá títa géèmù náà dúró, ó di January 25, 2022 kí wọ́n tó tún tà á. Ọlọ́jà ní òun ò gbowó! Ẹ̀yin ò dákẹ́. "Ẹ máa bọ̀, ẹ máa bọ̀, àwa ará ibí lawọ́." Ẹ ń pe èèyàn wá ra ohun tí wọn ò tà.

Ọmọ bá ní géèmù náà lọ́ra. Ó yẹ kó lọ́ra lójú rẹ̀: ní Warcraft, ìṣẹ́jú àáyá kan àtààbọ̀ ló fi ń dúró kó tó tún kọlu ọ̀tá, níbí méjì àtààbọ̀ ni. Ẹ ní oníwàdùwàdù ni, ẹ ní Warcraft ti ba orí rẹ̀ jẹ́. Ó béèrè bí òun ṣe lè mọ iye tí òun ń fi lu ọ̀tá, ohun tó ti ń wò láti ọjọ́ pípẹ́, ẹ pariwo lé e pé èèwọ̀ ni. Lóòótọ́ ni òfin kò fàyè gba irinṣẹ́ àjèjì. Àmọ́ ẹ̀yin kan ń lò ó ní kọ̀rọ̀, ẹ̀ ń fi ka ẹ̀ṣẹ́ àlejò, ẹ̀ ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn. Ìwà wo nìyẹn? Ẹ tún ní kó má gbàgbé láti ra ilé nínú géèmù. Ilé tó jẹ́ pé tẹ́tẹ́ ni wọ́n ń ta lé e láti April 2022, tó bá sì fi ọjọ́ 45 ṣàì yọjú síbẹ̀, wọ́n á wó o. Onílé tèmi, pẹ̀lú gbogbo ìkà ọwọ́ rẹ̀, kò wó ilé lé mi lórí rí. Ó kàn jẹ́ kó máa jò ni.

Naoki Yoshida ló gba àkóso géèmù yìí ní December 2010, nígbà tó ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Wọ́n ní láti sọ òṣùpá lu ayé inú rẹ̀ ní November 2012 kí wọ́n tó tún un kọ́. Òun fúnra rẹ̀ ti sọ ọ́ ní gbangba pé bí èèyàn bá ti ṣe é tó, kó lọ ṣe nǹkan mìíràn, kó padà wá nígbà tí tuntun bá dé. Ẹni tó ni ọjà ní ẹ lè máa lọ, ẹ lè máa bọ̀. Ẹ̀yin wá gbé àga sẹ́nu ọ̀nà, ẹ ń yẹ ẹsẹ̀ èèyàn wò. Ta ló fi yín síbẹ̀?

Ẹ sì má rò pé a ti gbàgbé November 2022. Dragonflight, àfikún Warcraft, jáde, àwọn tó fi ọdún kan gbáko bú Warcraft gba ẹ̀yìnkùlé wọlé padà. Ọ̀kan nínú wọn kò tíì tú ẹrù tán tó fi ń kọ ìmọ̀ràn gbọọrọ fún àwọn tó ń ti Final Fantasy bọ̀. Ó ní kí wọ́n ní sùúrù.

Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ fi fèsì. Ọwọ́ yín ti wà lórí fóònù báyìí, ẹ̀ ń tẹ̀ ẹ́ pé nítorí èmi ò tíì dé Shadowbringers ni mo ṣe ń wí báyìí. Mo dé ibẹ̀. Mo rí Emet-Selch, ọ̀tá inú ìtàn yẹn. Mo sunkún títí ìyàwó mi fi jí wá béèrè ẹni tó kú. Kí ló kàn yín níbẹ̀?