Ta Ni Wọ́n Ta Lọ́fà?

Ẹ wò ó, ìran tó ní kíkí fún gbogbo nǹkan láyé ni wá. Èèyàn jókòó jẹ́jẹ́ ẹ̀, a ní ẹ kú ìjókòó, ó dìde, a ní ẹ kú ìdúró, òjò rọ̀, ẹ kú òjò, kò rọ̀, ẹ kú ọ̀gbẹlẹ̀, a bá onídìrí nídìí irun a ní ojú gbooro o, a dé ọ̀dọ̀ aláró a ní àrẹ̀dú o. Àwa yìí kan náà la wá ń bẹ fóònù báyìí pé jọ̀ọ́ bá mi kọ nǹkan tí mo lè fi kí àbúrò ìyàwó mi tó bímọ. Ẹ kú ewu ọmọ ni o! Ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré! Dátà tó jó nídìí ẹ̀ tó ra ẹ̀kọ fún abiyamọ náà.

Láti November 30, 2022 tí wọ́n ti gbé ChatGPT jáde, ẹ̀rọ tó ń báni kọ ohunkóhun téèyàn bá ní kó kọ, ahọ́n àwọn èèyàn mi ti ń fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ níkọ̀ọ̀kan, wọn ò sì rí pẹ́ńsàn gbà.

Bàbá kan kú nínú ẹbí wa. Kílẹ̀ tó mọ́, èèyàn mọ́kànlá ti kẹ́dùn lórí WhatsApp ẹbí, mẹ́sàn-án nínú wọn ló sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú “Ní àkókò tó nira yìí, kò sí ọ̀rọ̀ tó lè tó...”, àfi bí ẹni pé wọ́n pín in fún wọn bí aṣọ ẹbí, tí gbogbo wọn sì gbé e lọ sọ́dọ̀ télọ̀ kan náà. Kò sí ọ̀rọ̀ báwo? Ẹ kú ará fẹ́ra kù ńkọ́? Ẹ kú àṣẹ̀yìndè ńkọ́? Ọlọ́run á dá Ìyá sí fún wa ńkọ́, ta ló jí wọn kó? Ẹ̀gbọ́n mi kan tó wà ní London tiẹ̀ wá ya tiẹ̀ sọ́tọ̀, kò bó èèpo kúrò lára ẹ̀ rárá. “Dájúdájú! Èyí ni ọ̀rọ̀ ìbánikẹ́dùn tó wọni lọ́kàn,” bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ó dé àárín, “Bàbá wa ọ̀wọ́n, fi orúkọ olóògbé síbí, akọni ni wọ́n,” ó wá parí ẹ̀ pé “Ṣé o fẹ́ kí n gé e kúrú díẹ̀?” Èèyàn mẹ́ta ló ṣe àmín sí i. Bóyá àmín kí wọ́n gé e kúrú ni, mi ò mọ̀. Nígbà tọ́mọ kan wá ka gbogbo ẹ̀ sétí Ìyá tọ́kọ kú fún, Ìyá dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní, “Ṣé báńkì ló kọ ọ́ ni?”

Láyé ọjọ́sí, bàbá akọ̀wé máa ń jókòó sídìí tapẹ́wírítà ẹ̀ níwájú póòsófíìsì, owó táṣẹ́rẹ́ ló ń gbà, àmọ́ kó tó tẹ lẹ́tà kan, á ti bi ẹ́ léèrè pé ta ló kú, kí ni ẹ̀yin méjèèjì jẹ́ síra yín, ṣé kì í ṣe pé ẹ ti ń bára yín yodì tẹ́lẹ̀. Nígbà yẹn, ẹni tí ò mọ̀wé ló ń tò sọ́dọ̀ akọ̀wé. Báyìí, àwọn tó gba másítà ló wà lórí ìlà.

Ohun tó tún wá ń pa mí lẹ́rìn-ín ni pé àwa yìí la jà fitafita lórí X ní April 2024, nígbà tí Paul Graham, ọ̀kan lára àwọn tó dá Y Combinator sílẹ̀, iléeṣẹ́ Amẹ́ríkà tó ń fowó ran àwọn iléeṣẹ́ tuntun lọ́wọ́, ní ọ̀rọ̀ “delve”, ìyẹn kéèyàn walẹ̀ jìn nínú ọ̀rọ̀, tóun rí nínú lẹ́tà ẹnì kan ló tú àṣírí pé ChatGPT ló kọ ọ́. Háà! Gbogbo Nàìjíríà ká ṣòkòtò sókè. Wọ́n ní láti sẹ́kọ́ńdírì la ti ń delve, wọ́n ní gírámà ò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa, èmi náà lò ó lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ yẹn láìnídìí. A jà, a borí, a wá gbé gírámà ọ̀hún, a rọra lọ fi ta ẹ̀rọ lọ́rẹ.

Ti àwòrán Ghibli ti March 2025 ńkọ́, tá a ní kí ẹ̀rọ sọ fọ́tò wa di irú àwòrán tí Ghibli, iléeṣẹ́ fíìmù kan ní Japan, máa ń yà, tí gbogbo wa di àwòrán ọmọ Japan olójú bí ọsàn, tí bàbá kan tó kọlà pélé gbé tiẹ̀ jáde tí ilà ti pòórá lẹ́rẹ̀kẹ́? Ká fìyẹn sílẹ̀ jàre.

Oríkì lọ̀rọ̀ kàn báyìí. Mo lọ síbi ayẹyẹ àádọ́rin ọdún bàbá kan, ọmọ bíbí Ọ̀fà. Àbúrò wọn gba máìkì, ó wọ agbádá tó le gbagidi, ó yọ fóònù, ó lóun ti múra sílẹ̀ o. Ó ti bẹ ẹ̀rọ lálẹ́ àná pé kó kọ oríkì ọmọ ofa, kó sì mú omijé jáde lójú èèyàn. Bó ṣe tẹ̀ ẹ́ nìyẹn, o, f, a, kò sí àmì kan lórí ẹ̀. Ẹ̀rọ ò rí ìlú níbẹ̀ o, ọfà tí ọdẹ ń ta ló rí. Lọ̀gá bá bẹ̀rẹ̀: “Ìwọ ọfà mímú tí ń fò kọjá ìpèníjà! Ọfà tí kì í tàsé! Ọfà tó wọ gbogbo wa lọ́kàn!” Kọ̀ǹgọ́ onígángan dúró lókè, ó ń wojú ọ̀gá, kò ríbi tó máa ti bá a lù ú. Ìyá àgbà, ẹ̀gbọ́n ọlọ́jọ́ìbí, tójú wọn ò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́, di aṣọ ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn mú gírígírí. “Ta ni wọ́n ta lọ́fà?”

Ẹ má bú ẹ̀rọ o. Iṣẹ́ ẹ̀ ni kó máa méfò ọ̀rọ̀ tó yẹ kó tẹ̀lé ọ̀rọ̀, látinú ohun tó ti kà, Yorùbá tó sì rí kà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ò pọ̀, èyí tó wà níbẹ̀ náà, ọ̀pọ̀ ẹ̀ ò lámì lórí, àwa la kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, torí ọ̀lẹ ń ṣe wá. Ẹni tí ò bá fàmì sórí ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀, tó bá kí mọ́tò dípò baálé ilé, ta ló máa bá wí? Ohun tó wà lọ́wọ́ ẹ̀rọ ni pé kì í sábà sọ pé òun ò mọ̀. Ní June 2023, adájọ́ kan ní New York bu owó ìtanràn 5,000 dọ́là lé àwọn lọ́yà kan, wọ́n kó ẹjọ́ tí ChatGPT hun látọkàn ara ẹ̀ wá sí kóòtù, ẹjọ́ tẹ́nìkan ò ṣe rí. Lọ́yà o! Ká tó wá sọ ti ẹni tó jẹ ìrẹsì yó tó di máìkì mú.

(Kẹ́ ẹ tó bi mí: mo gbìyànjú ẹ̀. Mo ní kó bá mi wá àkọlé fún nǹkan tẹ́ ẹ̀ ń kà yìí, ó fún mi ní mẹ́wàá, “ìrìnàjò” wà nínú méje.)

Ìyá àgbà ló gba ọjọ́ náà là. Wọn ò gba máìkì. Orí ìjókòó ni wọ́n ti gbé e, “Ọmọ Ọlálọmí, ìjàkadì lorò Ọ̀fà...”, onígángan bá ta kìjí bí ẹni tí wọ́n dá sílẹ̀ lẹ́wọ̀n, bàbá ọlọ́jọ́ìbí tó ti ń tẹ fóònù lábẹ́ tábìlì gbórí sókè, èjìká wọn bẹ̀rẹ̀ sí í mì, kẹ́ ẹ tó ṣẹ́jú owó ti ń lẹ̀ mọ́ Ìyá níwájú orí. Ìyá dárúkọ bàbá tó bí bàbá wọn, wọ́n dárúkọ àwọn tó ti lọ, wọ́n wá ju ẹja tí ọlọ́jọ́ìbí jí jẹ nínú ìkòkò lọ́mọ ọdún méje sí i, tó tún ti ọ̀rọ̀ náà sọ́rùn ológbò. Gbogbo hóòlù bú sẹ́rìn-ín, bàbá ẹni àádọ́rin ọdún ń nujú.

Àbúrò wọn ká gbogbo ẹ̀ sórí fóònù, inú mi ti fẹ́ máa dùn sí i. Lálẹ́ ọjọ́ náà ló gbé e sórí WhatsApp ẹbí, àmọ́ kì í ṣe ohùn Ìyá, ó ti ní kí ẹ̀rọ bá òun tún un kọ dáadáa. “Dájúdájú!” ló fi bẹ̀rẹ̀. Ẹja ò sí níbẹ̀ mọ́, ológbò ò sí níbẹ̀, wọ́n ti di “àwọn ìrírí ìgbà èwe tó kún fún ẹ̀kọ́”. Èèyàn márùn-ún ti ṣe àmín.