Àjẹsára DNA kì í yí àbùdá ènìyàn padà

Láti ìgbà àrùn Kòrónà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti gbà pé ẹni tí ó bá gba àjẹsára tí wọ́n fi DNA, èròjà inú sẹ́ẹ̀lì tí ó gbé àbùdá wa dání, ṣe ti pa àbùdá ara rẹ̀ dà, àti pé ọmọ tí yóò bí lẹ́yìn náà yóò jogún rẹ̀. Ìbẹ̀rù náà ní ibi tí ó ti sú yọ, nítorí lóòótọ́ ni àjẹsára yìí gbọ́dọ̀ dé àárín gbùngbùn sẹ́ẹ̀lì, níbi tí DNA tiwa wà, kí ó tó lè ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n pé àlejò wọlé kò sọ ọ́ di ọmọ bíbí inú ilé.

DNA tí ó rí roboto bí òrùka ni wọ́n ń lò, plasmid ni wọ́n ń pè é, ìlànà tí sẹ́ẹ̀lì yóò fi ṣe purotéènì kan péré lára fáírọ́ọ̀sì ni wọ́n sì fi sínú rẹ̀, kí àwọn ọmọ ogun ara lè mọ ojú ọ̀tá ṣáájú ogun. Fáírọ́ọ̀sì bíi HIV ní èròjà tí ń jẹ́ integrase, èyí tí ó fi ń rán DNA rẹ̀ mọ́ tiwa. Òrùka yìí kò ní irú rẹ̀. Nígbà tí àwọn onímọ̀ yẹ ẹran ara àwọn eku tí wọ́n gún ní àjẹsára náà wò fínnífínní, wọ́n rí i pé bí ó bá tilẹ̀ lẹ̀ mọ́ DNA eku rárá, kò tó àṣìṣe tí ń ṣẹlẹ̀ fúnra rẹ̀ nínú àbùdá. Ní ti ọmọ, awọ àti iṣan apá ni wọ́n ń fi àjẹsára náà sí, sẹ́ẹ̀lì ibẹ̀ kọ́ sì ni a fi ń bímọ.

Ohun tí ń dun àwọn onímọ̀ gan-an ni pé àjẹsára náà kì í wọ inú sẹ́ẹ̀lì tó. Ní 1990 ni onímọ̀ Jon Wolff àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi hàn pé iṣan eku lè ka DNA tí wọ́n gún sí i; ní 2005, wọ́n fọwọ́ sí ti àrùn West Nile, tí ẹ̀fọn ń gbé kiri, fún ẹṣin ní Amẹ́ríkà. Ti ènìyàn kò dé títí di oṣù kẹjọ 2021, nígbà tí Íńdíà fọwọ́ sí ZyCoV-D fún Kòrónà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ènìyàn ń gbà á nígbà náà, kò sì sí abẹ́rẹ́ níbẹ̀: ẹ̀rọ kékeré kan ni ó ń fi agbára tú omi tín-ín-rín gba awọ apá kọjá. Nínú ìdánwò tí nǹkan bí 28,000 ènìyàn kópa nínú rẹ̀, agbára ìdáàbòbò rẹ̀ jẹ́ ìdá 66.6 nínú ọgọ́rùn-ún, èyí tí n kò lè pè ní kékeré, tí n kò sì lè pè ní ńlá. Ti ibà Lassa tí wọ́n dán wò ní Gánà ńkọ́? Iná mànàmáná díẹ̀ ni wọ́n ń ta sí ojú ibi tí wọ́n gún, kí ara sẹ́ẹ̀lì lè là fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kí DNA tó rí ọ̀nà gbà wọlé.